Ọdún Mẹ́ta Tí Eilert Fi Yan Ẹ̀wù Kan

Ìgbà ìkẹyìn tí Solfrid gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, gbogbo erékùṣù Skarvøya ló bá a gbọ́ ọ. Orí rédíò ọkọ̀ ojú omi ni Eilert ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ilé ìdáná kan ní Skarvøya tí irú rédíò bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí ìkòkò kọfí. Ìjọba ní torí ìjì àti torí ọkọ̀ tó bá fẹ́ rì ni wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn ará Skarvøya ń lò ó láti mọ ilé tí tọkọtaya ti ń jà.

"Solfrid, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Níbo ni kí n lọ?"

"Mo ti yan án."

Solfrid gbé ọ̀bẹ tó fi ń ha ìpẹ́ ẹja sílẹ̀. "O ti yan kí ni?"

"Ẹ̀wù oníbátìrì yẹn ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Mo ti mọ èyí tí màá mú. Ó ti parí."

"Èwo nínú méjèèjì? Èyí tí bátìrì rẹ̀ wà nínú, àbí èyí tó wà níta?"

Ariwo ìgbì nìkan ló ń dún. Ní ilé ìdáná bí ọgọ́ta, àwọn èèyàn yí iná sílẹ̀ kí ohun tí wọ́n ń dín má baà dí wọn létí.

"Solfrid, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò," ni Eilert wí. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi rédíò yìí kan náà ṣàlàyé jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ fún gbogbo etíkun lọ́dún tó kọjá. "Tí mo bá délé, màá sọ fún ẹ."

Kò délé. Ó jókòó sórí àpótí ẹja, ó gba kọfí lọ́wọ́ Ingebrigt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀, ó béèrè ibi tí ṣúgà wà, ó sì lọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí dókítà sọ nìyẹn. Kò tiẹ̀ wọ omi rárá lọ́jọ́ náà. Kọfí ò tíì tutù nígbà tí Ingebrigt fọwọ́ kàn án léjìká. Ingebrigt ní bó ṣe gbé ilé ayé náà ló ṣe kúrò níbẹ̀: ó béèrè ìbéèrè, kò dúró gbọ́ èsì.

Iṣẹ́ Eilert ni kíkó ìkarahun ẹlẹ́ran nísàlẹ̀ òkun. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o ní Skarvøya, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi mòòkùn nínú omi tó tutù débi pé eyín ń dun èèyàn tó bá ya ẹnu sí i. Ó ní aṣọ rọ́bà dúdú kan tó bò ó láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, omi kì í wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí omi kì í wọ̀, òtútù ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Ohun tó ń bá a lé òtútù ni ẹ̀wù irun àgùntàn tí Solfrid ń hun, tó ń wọ̀ sábẹ́ rọ́bà náà: ẹ̀wù tuntun kan lọ́dọọdún, tó nípọn bí ẹní ìjókòó, tí ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n. Eilert máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́, pé kò sí ilé-iṣẹ́ kankan láyé yìí tó lè ṣe ohun tó máa dúró níwájú ẹ̀wù ìyàwó òun.

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta kò ó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí àbẹ́là nínú omi. Lọ́jọ́ kan ó fi odidi wákàtí kan kó ìkarahun sínú àpò, ó gòkè wá, àpò ṣófo. Ó rò pé òun ti so ẹnu rẹ̀. Ìka rẹ̀ ló ṣẹ̀, kò sọ fún un pé òun ò so nǹkan kan.

"Gbogbo wọn ti padà sílé wọn," ni Ingebrigt wí. "O kàn mú wọn rìn jáde díẹ̀ ni."

Solfrid fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọbìnrin kan ni dókítà náà, Eilert mọ bàbá rẹ̀ àgbà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò ní gbà á gbọ́.

"Bàbá," ni dókítà wí, "kì í ṣe ọwọ́ yín ló ń ṣàìsàn. Àyà yín ló ń tutù. Bí àyà bá ti tutù, ara á kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sínú, ọwọ́ ò sì ní rí tiẹ̀ gbà. Ẹ̀wù kan ti wà báyìí tí wọ́n tẹ́ wáyà sí inú rẹ̀, bátìrì ló ń mú un gbóná. Ẹ lọ wá ọ̀kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ wọ omi nígbà òtútù mọ́."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ẹ ó fi rí i."

Eilert rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò le. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn gba ọdún mẹ́ta.

Solfrid ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó mọ irú ọkùnrin tí òun fẹ́. Bí Eilert bá wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin, wàhálà ilé ni. Á tún gbogbo ilẹ̀kùn ṣe títí wọn ò fi ní ṣeé ṣí mọ́. Á dúró lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ẹja tí obìnrin náà ti ń sè láti kékeré. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń ba Solfrid lẹ́rù ni pé bí ọ̀sán bá ti ń lọ, ọkùnrin náà á kàn jókòó sójú fèrèsé, á máa wo omi, kò ní sọ nǹkan kan. Eilert, kó má sọ nǹkan kan! Solfrid fẹ́ kó yan ẹ̀wù yẹn kíákíá, kí ìjókòó ojú fèrèsé náà má baà mọ́ ọn lára.

Ohun tí Eilert kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wá ọgbọ́n tí kò ní bátìrì nínú. "Dókítà ní kí n gbóná," ló wí. "Kò ní dandan ni kó jẹ́ wáyà." Ó se ọ̀dùnkún mẹ́rìnlá, ó kó wọn sínú ìbọ̀sẹ̀, ó so wọ́n mọ́ àyà àti ìdí lábẹ́ aṣọ rọ́bà, ó sì fò sómi kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Ingebrigt jẹ́rìí sí i pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára gan-an. Ṣùgbọ́n bí amòòkùn bá ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ sí i ni omi ń fún aṣọ pọ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí Eilert fi gòkè wá, tí wọ́n ṣí sípù ẹ̀yìn rẹ̀ ní èbúté, kò sí ọ̀dùnkún kankan mọ́. Ọ̀dùnkún gígún ló wà níbẹ̀, láti àyà dé orókún, àwọn ẹyẹ òkun sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì. Solfrid wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"O ò bá ti sọ fún mi," ló wí, "ǹ bá mú bọ́tà dání."

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbà láti lọ sọ́dọ̀ Runa. Runa ló ni ṣọ́ọ̀bù àwọn amòòkùn ní ìlú tó wà lódìkejì omi. Obìnrin onísùúrù ni. Ó ti ta nǹkan fún sójà, ó ti ta nǹkan fún ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, kò sì mọ ohun tí à ń pè ní oníbàárà títí Eilert fi ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń gbóná?"

"Ọgọ́fà, Bàbá Eilert."

"Jẹ́ kó jẹ́ àádọ́jọ."

"Bàbá, ìṣẹ́jú kì í ṣe ẹja. Ẹ ò lè ná an."

"Gbogbo nǹkan ló ṣeé ná."

Nígbà tí ìṣẹ́jú kọ̀ láti gòkè, ó yá èyí tí Runa gbé kọ́ sójú fèrèsé, ó ní òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbé e lọ sínú omi. Ó gbé e lọ sí yàrá yìnyín tí wọ́n ń tọ́jú ẹja sí ní èbúté, ó gbé àga kékeré, ó mú aago, ó mú ìwé ìròyìn, ó jókòó sáàárín àwọn ẹja dídì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá wọ́n ti wọn tiẹ̀ náà mọ́ ti ẹja. Nígbà tí bátìrì kú, Eilert wo aago, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi akérò lọ bá Runa láìtíì nu ìrì dídì kúrò ní mùsítáàṣì rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta! Ìyókù dà?"

"Ibo lẹ tẹ̀ ẹ́ sí?"

"Ibi tó ga jù ni. Kí ni kí n fi ibi tó kéré ṣe?"

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ti ibi tó kéré ni ọgọ́fà ìṣẹ́jú tí ìwé rẹ̀ ń sọ. Tẹ́ ẹ bá tan án sí ibi tó ga jù, ẹ ó làágùn. Òógùn á mú aṣọ abẹ́ yín rin, tó bá sì ti rin, ẹ ó gbọ̀n ju ẹni tí kò wọ nǹkan kan lọ. Bẹ́ ẹ bá wà nísàlẹ̀, díẹ̀ ti tó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gòkè bọ̀ lẹ ó fi kún un, torí ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín fẹ́ jáde, ara gbígbóná ló sì ń jẹ́ kó rọ́nà."

Eilert ronú sí i. "Ṣé kí n gbé ooru ńlá sára, kí n wá máa lo ooru kékeré?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Ó jọ ìgbéyàwó," ni Eilert wí. Ọ̀rọ̀ náà dé Skarvøya ṣáájú ọkọ̀ akérò, Solfrid sì ti dúró dè é ní èbúté.

Eilert dá ẹ̀wù àfihàn náà dúró sọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí ó lè mọ bó ṣe ń bá ara gbé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ kóòtù dáadáa rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi ni ṣọ́ọ̀ṣì Skarvøya, òtútù inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tìta, àfi pé wọ́n ń kọrin sí i. Láàárín ìwàásù, ọwọ́ Eilert kan bọ́tìnì, ẹ̀wù náà gun ibi tó ga jù, kò sì lè bọ́ kóòtù lójú ìjọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní iwájú orí rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́ wọn sí i bí ẹni ń yáná. Pásítọ̀ rí i láti orí àga ìwàásù, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi ìdajì wákàtí kún ọ̀rọ̀ lórí ìrònúpìwàdà. Lọ́jọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn wọn, ó ní òun wá bá Eilert gbàdúrà lórí ohun náà, ohun yòówù tí ì báà jẹ́.

Ìjókòó gígùn kan wà ní èbúté Skarvøya níbi tí àwọn ọkùnrin tí kò mòòkùn rí ti ń kọ́ àwọn amòòkùn níṣẹ́. Ingebrigt ni olórí wọn. Ó ní àṣejù ni ti Runa, ó lọ gbé ẹ̀wù oníbátìrì tiẹ̀ wá láti ilé, èyí tí àwọn ọdẹ ń wọ̀ tí wọ́n bá ń ba de ẹran nínú ìrì dídì.

"Bátìrì ò mọ̀ bóyá inú igbó lòún wà tàbí inú òkun," ni Ingebrigt wí.

Bátìrì mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí Eilert máa ń ṣe tí kò sí ẹlòmíì tó máa ṣe é. Gbogbo amòòkùn ló máa ń ká kọ́là aṣọ abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí rọ́bà ọrùn lè lẹ̀ mọ́ awọ ara gan-an, kí omi má baà ráyè. Eilert kì í ká tiẹ̀. Solfrid hun ọrùn gíga fún un, ọrùn gíga ló máa wọ̀. Lójú tiẹ̀, kí ó ká a sílẹ̀ dà bí ìgbà tí ìyàwó bá gbé oúnjẹ wá tí ọkọ sì ti àwo sẹ́yìn. Nítorí náà, láti gbogbo ọdún yìí wá ni omi ti ń bá ara irun àgùntàn yẹn wọlé díẹ̀díẹ̀, tí Eilert sì ń pè é ní òógùn.

Lọ́jọ́ ẹ̀wù ọdẹ yìí, òógùn náà rìn títí ó fi dé ìbàdí, níbi tí bátìrì wà. Oríire ni pé omi tí kò jìn ju ìdúró èèyàn méjì lọ ló wà. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ ní èbúté láìlo rédíò. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ibi tó jó fẹ̀ tó bísíkíìtì, ó sì rí roboto bíi bísíkíìtì náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo dùbúlẹ̀, Solfrid ń fi òróró pa á.

"Ṣé o ti wá gbóná báyìí?" Solfrid bi í.

"Díẹ̀," ni Eilert wí sínú ìrọ̀rí.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti di méjì, tí kò sì kúrò ní méjì mọ́. Ẹ̀wù méjì ni Runa ní tó yẹ fún inú òkun. Èkíní, bátìrì rẹ̀ wà nínú aṣọ pẹ̀lú èèyàn, nínú àpò tí omi ò lè wọ̀. Èkejì, bátìrì wà níta lórí ìgbànú, wáyà rẹ̀ a sì gba ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àyà aṣọ.

"Ti inú yẹn," ni Eilert wí, "ẹ ní kí n gbé iná mọ́ra. Mo ti gbé e mọ́ra rí. Ẹ fẹ́ wò ó ni?"

"Rárá o, Bàbá, ẹ má ṣí i. Ẹ mú ti ìta nígbà náà."

"Ti ìta! Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń dí ihò aṣọ yìí, ẹ wá ní kí wáyà máa gbabẹ̀ kọjá."

"Ihò tuntun kọ́. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Ihò tó ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ fẹ́ kó máa ṣe méjì. Ṣé ẹ ti bi í bóyá ó gbà?"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, oṣù dé oṣù. Runa ní nígbà tó yá, bí òun bá rí ọkọ̀ akérò lókèèrè, òun á kàn gbé omi kọfí kaná.

Lójijì, Eilert ò lọ mọ́. Odidi ìgbà òtútù kan kọjá, kò débẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí. Solfrid fara dà á títí dé oṣù kejì, lẹ́yìn náà ó gé wàràkàṣì sórí búrẹ́dì, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó, ó dojú kọ ọ́.

"Kí ló dé tí o ò lọ sọ́dọ̀ Runa mọ́?"

"Ọkọ̀ akérò yẹn máa ń mì."

"Eilert. Ìwọ! Ọkọ̀ ń mì?"

Ó yí ife kọfí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta. "Wọ́n ní ẹ̀wù rẹ ò gbéṣẹ́ mọ́."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ará ìjókòó èbúté. Wọ́n ní bí Eilert bá fi lè máa wá bátìrì, a jẹ́ pé ọwọ́ Solfrid ti ń rọ nìyẹn. Ingebrigt náà rẹ́rìn-ín."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

Solfrid wò ó. Òun tó ti ń ṣépè fún agídí ọkùnrin yìí láti ọdún méjì, kò mọ̀ pé torí òun ni agídí náà ṣe jókòó sójú fèrèsé.

"Gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Èmi ò hun ẹ̀wù kí wọ́n lè máa yìn mí ní èbúté. Mo ń hun ún kí o lè padà wá jẹun ni. Bó bá jẹ́ wáyà ló máa gbé ẹ padà wá, kí wáyà gbé ẹ wá. Èmi fúnra mi á máa bọ́ bátìrì náà bí ẹni ń bọ́ ológbò."

"Kò ní bí ẹ nínú?"

"Ohun tó ń bí mi nínú ni kọ́là tí o kì í ká sílẹ̀."

Eilert dáwọ́ ife dúró. "O mọ̀?"

"Ta ló ń fọ aṣọ náà? Òógùn wo lo rí láyé yìí tó ní ewéko òkun nínú?"

Ìgbà tí omi rọ̀ díẹ̀, Eilert sọdá lọ bá Runa. Ó bi í ní ìbéèrè tí kò bi í rí: ibo gan-an ni irun àgùntàn máa wà bí ẹ̀wù oníná bá dé? Runa ní singiléètì fẹ́lẹ́ ló máa kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀wù oníná, lẹ́yìn náà irun àgùntàn lórí gbogbo rẹ̀. "Bátìrì lè kú nígbàkígbà, Bàbá. Aṣọ tó wà lókè rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé yín délé láìsí i. Ẹni tó bá bọ́ irun àgùntàn sílẹ̀ torí bátìrì, èmi ò ní tà fún un."

Eilert nàró bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Ó wọ ọkọ̀ akérò padà, ó gba èbúté lọ tààrà, ó dúró síwájú ìjókòó gígùn náà tòun ti kóòtù.

"Runa fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́!" ló kígbe. "Bátìrì ni ọmọ iṣẹ́, irun àgùntàn ni ọ̀gá! Ẹ̀wù Solfrid ló ń gbé èèyàn délé!" Ó tún un sọ lórí rédíò lẹ́ẹ̀mejì, fún àwọn tí etí wọn ò yá.

"Ó dáa," ni Ingebrigt wí. "Èwo lo wá rà?"

Eilert yanu. Inú rẹ̀ ti dùn jù, ó ti gbàgbé láti ra nǹkan kan.

Bí oṣù kọkànlá ọdún kẹta ṣe bá wọn nìyẹn, tí Eilert sì ń bá Ingebrigt jáde kìkì láti di okùn mú fún àwọn amòòkùn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ọjọ́bọ̀ kan ló gbé rédíò, tó ní òun ti yan án.

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Níbi kọfí lẹ́yìn ìsìnkú, kí wọ́n tó pín lefse, búrẹ́dì ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, tán, àwọn ará Skarvøya ti pín sí tábìlì méjì. Tábìlì tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ní ti ìta ló yàn. Ingebrigt búra pé kí ó tó gbé rédíò, òun rí i tó fọwọ́ kan ìgbànú. Tábìlì kejì ní ìgbànú ńkọ́, ṣé ẹni tó fẹ́ tọ̀ kì í fọwọ́ kan ìgbànú ni? Wọ́n ní ti inú ni, torí Eilert ò fi nǹkan rẹ̀ síta rí láyé. Pásítọ̀ dìde láti pẹ̀tù sí i, ó ní ohun tó wà nínú ló ṣe pàtàkì jù. Tábìlì ti inú pàtẹ́wọ́ fún un títí ó fi ṣàlàyé pé ọkàn èèyàn lòún ń sọ.

Solfrid gbé ìkòkò kọfí, ó ń bu fún tábìlì méjèèjì bákan náà. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, tó ń fọ ife, ọ̀rọ̀ náà padà wá sọ́kàn rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọkùnrin yìí fi sọ ohun tí òun ò bi í fún òun. Ẹyọ kan ṣoṣo tí òun bi í, ó ní kí òun dúró dìgbà tó bá délé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ akérò. Kọfí ti wà lórí iná nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Runa gbá a mọ́ra, ó fà á jókòó, kò sì jẹ́ kó béèrè kó tó ṣí dúrọ́ọ̀.

"Ó wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, Màmá. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, ó kọ ọ́ fún wákàtí méjì. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀."

Lẹ́tà ńláńlá Eilert ló wà lójú ìwé náà, bí ẹni ń pariwo. Orúkọ wà níbẹ̀. Gíga wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí àyà ṣe fẹ̀ tó, ó kọ ọ́ pé ó kù sí ọwọ́ oúnjẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó máa wọ̀ lé e, ó kọ ọ́ pé: "Èyí tí Solfrid hun. Màá ká kọ́là sílẹ̀."

Solfrid ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí oníbàárà fa àmì sí irú bátìrì tó fẹ́. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Lórí rédíò, ó ní òun ti yan án," ló wí.

"Èmi náà gbọ́ ọ, Màmá. Mo ti ń retí kó pè mí."

Ìgbà náà ló yé Solfrid. Ọkùnrin yẹn ò tíì yan nǹkan kan. Ó rí erékùṣù níwájú rẹ̀, ó rántí ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wò ó láràárọ̀, ó fẹ́ kí inú obìnrin náà dùn kí òun tó délé, ó sì ti ṣírò pé láti ibẹ̀ dé èbúté, ogójì ìṣẹ́jú wà tí òun á fi ronú. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Solfrid. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Runa náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ mọ́.

"Ọkọ mi," ni Solfrid wí, ó ń fi ìka tẹ lẹ́tà ńláńlá wọ̀nyẹn. "Olóríkunkun ọkọ mi."

Runa bi í bóyá kí òun fa fọ́ọ̀mù náà ya. Solfrid ní rárá, kó dá a padà síbi tó wà. Ọkọ̀ akérò fọn fèrè, ó dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀.

Inú dúrọ́ọ̀ Runa ni ìwé náà wà. Àyè méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, inú àti ìta. Kò sí àmì ní ìkankan.